Kò Dá Mi Lójú

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá mi kò ju káńtà kan àti àga méjì lọ,
lẹ́bàá Sítéṣọ̀n, l'Óṣogbo,
níbi tí koríko ti ń hù láàárín ojú irin.
Ṣítù ń lọ dígí.
Omi ń kán sórí ẹ̀rọ, ekuru funfun ń bà sí irùngbọ̀n rẹ̀,
ó sì ń bi mí, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo di fìtílà mú:
"Àfúsá, báwo lo ṣe mọ̀ pé o ò sí lójú oorun?"
Mo ní mo já ara mi léèékánná, ó dùn mí.
"Ṣé nǹkan kì í dunni lójú àlá?"

N kò sùn lóru ọjọ́ náà.
Mo nawọ́, mo kan ìyá mi, mo kan ògiri.
Ògiri ò wí nǹkan kan.

Ó ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti já,
akọ̀wé rélùwé kan ló fi í dógò, kò sì padà wá.
Inú rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ilẹ̀ òtútù wà,
bí irinwó ọdún sẹ́yìn,
tí wọ́n jókòó ti iná, tí wọ́n ń tú ìgbàgbọ́ bàbá wọn
bí ẹni ń tú aṣọ, fọ́nrán kan, fọ́nrán kan,
láti wo ibi tí yóò ti kọ̀ tí kò ní tú mọ́.
Wọ́n lé òmíràn kúrò nínú ìjọ.
Òmíràn fi ìwé tirẹ̀ pa mọ́ sísàlẹ̀ àpótí títí ó fi kú.
Ṣítù á ka ìlà méjì, á pa á dé:
"Àwọn wọ̀nyí ò ní lè pẹ́ ládùúgbò wa."

Abèèrè kì í ṣìnà, ni wọ́n fi kọ́ mi nílé.
Mo dé ilé-kéú, mo béèrè ẹni tó ka ìràwọ̀.
Pàṣán ló dá mi lóhùn.

Ààfáà Búsàrí wá lọ́jọ́rú kan.
Lẹ́tà ti ń rìn lójú ìwé rẹ̀ bí ìkamùdù.
Òun kan náà ni kò dá orúkọ Ṣítù níbi sàráà ìyá rẹ̀,
nítorí Ṣítù wí ní gbangba pé òun ò mọ̀.
Kò wí pé kò sí. Ó ní òun ò mọ̀.
Ẹni tó ní kò sí, èèyàn á bá a jà,
kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún "mi ò mọ̀"?

Ṣítù gbé dígí sí i lójú, ó yọ ọ́, ó gbé òmíràn.
"Èyí ńkọ́? Àbí ti àkọ́kọ́?"
Bàbá àgbà náà dákẹ́ pẹ́.
"Kò... kò dá mi lójú."
Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ṣítù ò rẹ́rìn-ín.
"Ẹ má kánjú, bàbá. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ọdún tí omi Ọ̀ṣun kún dé ẹsẹ̀ ògiri wa ni Ṣítù kú.
Àwọn kan ní kí wọ́n má kírun sí i lára.
Láti ojú fèrèsé mo rí Ààfáà Búsàrí tó dìde,
ó nu awò rẹ̀, ó wọ̀ ọ́,
ó dúró níwájú òkú.
Ó dé ibì kan nínú àdúrà, ó dákẹ́.
N kò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni,
tàbí ó ń wò.

Èmi ni mò ń lọ dígí báyìí.
Oníyèméjì ni wọ́n ń pè mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Bóyá iyè kan ṣoṣo ò lè gbé ẹrù náà.
Láàárọ̀ yìí ìpè àdúrà kọjá lórí páànù mi,
agogo ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e,
mo mí sí dígí, ìkùukùu bò ó. Mo nù ún.
Mo fi wo òpópónà:
ewúrẹ́ kan, ọmọ kan tó ń lé táyà.
Ìwọ̀nyẹn dá mi lójú.
Àbí?