Ikùn Bàálù

Gíláàsì fóònù ni mò ń lẹ̀ ní Òkè-Fìà.
Ẹ bi àwọn oníbàárà mi:
afẹ́fẹ́ kì í há sábẹ́ èyí tí mo bá lẹ̀.
Ìdí nìyẹn tí Bàbá Kékeré fi ránṣẹ́ pè mí sí Àlékùwódò.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè mú abẹ dúró mọ́.

Bàálù onígi kan ló wà lórí tábìlì,
kò gùn ju apá ọmọ ọdún mẹ́ta lọ.
Ó ti fi sánpépà ha á títí
igi fi gbàgbé pé òun jẹ́ igi rí.
Mo ra ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà bọ̀ láti Sábó,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà.
Ó wò ó, ó ní kí n lọ fi kun géètì ilé ọkọ mi.
“Ọ̀dà a máa bo nǹkan mọ́lẹ̀, Sifáwù.
Èyí tí mo rí ní Ìdó-Ọ̀ṣun kò bo nǹkan kan.”

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, ó sá kúrò ní ilé-kéú,
ó fẹsẹ̀ rìn lọ wo bàálù tó balẹ̀ sórí koríko.
Kì í ṣe funfun, kì í ṣe àwọ̀ eérú.
Ó wọ abẹ́ ikùn rẹ̀, ó gbójú sókè,
ojú ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀,
ó fẹ̀ bí ojú ẹja.

Fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja yíyan la rà.
Ó ní kí n se ìdajì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin.
Mo rò pé ogbó ti dé nìyẹn.
Àmọ́ nígbà tí omi hó tí mo fà á yọ,
dídán rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì,
bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ò tíì ṣú tán.
Ó ní ìyẹn wà fún ibi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń jó o.
Èyí tó ń kọ mànà, ó di ti apá àti ikùn.
A jẹ ẹyin náà. Kò sí iyọ̀.

Gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà, dúró.
Bó bá ṣì tutù, fọ́ìlì yóò yọ̀,
bó bá gbẹ tán, kò ní gbọ́ tìrẹ mọ́.
Ìgbà tó bá fa ìka rẹ díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀,
ìgbà yẹn ni.
Mo tẹ́ ẹ, mo fi òwú rà á láti àárín lọ sétí.
Apá gbà. Ìrù gbà.
Imú kọ̀.

Fóònù ò nímú.
Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí gbogbo ayé mi ti tẹ́ pẹrẹsẹ.
Fọ́ìlì hunjọ sí i lójú, mo ya á dànù lẹ́ẹ̀mẹrin,
mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí n sọ níwájú àgbà.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n là á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí imọ̀ ọ̀pẹ,
kí ọ̀kan máa gun èkejì lẹ́yìn díẹ̀.

NEPA mú iná lọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù la tàn,
ìgbà náà ni mo rí i lábẹ́ apá òsì:
hóró yanrìn kan,
ó ga nínú ìmọ́lẹ̀ bí ebè.
Mo gbé abẹ.
“Fi sílẹ̀. Ṣé orí títì ọ̀dà ló balẹ̀ sí ni?”

Mo wá mú aṣọ, kí n nù ún dán.
Ó di ọwọ́ mi mú.
Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, òun fi àtàǹpàkò kan ikùn rẹ̀.
Ó gbóná. Àmì náà hàn ketekete.
Ọkùnrin oníkakí kan fa áńkáṣíìfù yọ, ó nù ún kúrò,
kò bá òun wí,
kò tilẹ̀ wo ojú òun.

Mo di bàálù mú kó má yẹ̀.
Ó tẹ̀ ẹ́.
Méjì ni àmì náà jáde, nítorí ọwọ́ gbọ̀n.
Mo ká aṣọ mi, mo fi í sápò.