Mẹ́jọ Nínú Mẹ́wàá

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró,
mo mú ìwé olójú-ewé ogójì lọ́wọ́,
mo gba ọ̀nà ilé-ìwòsàn Ìkọ̀lé lọ.
Ohun tí fóònù kọ́ mi lóru ni mo dà kọ síbẹ̀,
mo fà á nílà, mo fi nọ́ńbà sí i:
ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ kì í gbàgbé.

Dókítà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti dárúkọ fóònù,
a ní, "Bàbá, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ni dókítà?"
Ma sì dákẹ́ bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìbídàpọ̀, ọmọdébìnrin tó rọ́pò rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.
Ó fa àga sún mọ́ mi.
"Ẹ kà á fún mi, tíṣà."

Ìkíní: omi ewúro ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ lọ́jọ́ mọ́kànlélógún.
"Ta ló kọ ọ́?"
Mo wo ìwé. N kò kọ orúkọ ẹnìkankan.
"Kí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?"
Nọ́ńbà fóònù. Ìgò kan, ẹgbẹ̀rún méje náírà.
Mo rántí ewúro tó kún ẹ̀yìnkùlé mi, tí kò gba kọ́bọ̀.

Ìkejì: oògùn yìí ló ń ba kíndìnrín jẹ́.
"Ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló ń bà á jẹ́," ó wí pẹ̀lẹ́,
ó wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ mi lápá.
Ẹ̀rọ fún mi, ó mí kanlẹ̀,
ó kọ ọgọ́sàn-án lé mẹ́rin.
Kò bá mi wí. Ó kàn jẹ́ kí n wò ó pẹ́.

Ìkẹta, ohùn mi ti rẹlẹ̀:
wọ́n ní irú oògùn tí mò ń lò a máa fa ikọ́.
Ó gba páálí oògùn lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn.
"Láti ìgbà wo lẹ ti ń wúkọ́?"
Láti ìgbà ọyẹ́.
"Òtítọ́ lèyí, bàbá. Ó yẹ kí n ti bi yín lóṣù tó kọjá."
Ó mú bírò pupa, ó máàkì ìlà kẹta,
ó sì kọ oògùn mìíràn fún mi.

Bí mo ti ń darí bọ̀ ní ulé,
mo jókòó sórí òkúta, mo ṣí ìwé,
mo fún òun náà ní máàkì: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.
Ọ̀kan lọ nítorí ikọ́ tí kò bi mí.
Ìkejì, èmi ni mo pàdánù rẹ̀ fún un:
ikọ́ náà, n kò sọ.