Àpáta Igun Pápá

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú páànù Lafẹ́nwá,
mo ti po ẹfun sínú garawa,
mo ń fi àjókù ìgbálẹ̀ fa ìlà.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fà á,
kò tíì gún rí.
Ilẹ̀ ló da gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà odò Ògùn,
kì í ṣe ojú mi.

Ní igun apá ọ̀tún, níbi tó yẹ kí àsíá wà,
àpáta kan yọ síta
bí eékún arúgbó tó jókòó tì wá.
A fi ọ̀dà funfun kùn ún. Àlejò máa ń bú u.
Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n:
bí bọ́ọ̀lù bá bà á lókè, yóò padà sínú pápá;
bí ó bá bà á nísàlẹ̀, ẹ lọ wá a lóko gbágùúdá Ìyá Ṣówándé.
Nínú góòlù tí Mùkáílà gbá wọlé lọ́dún yìí,
mẹ́rin ló jẹ́ pé àpáta ló fún un ní páàsì.

Ẹ wo jẹ́sì wa náà.
Ìtokú la ti rẹ ẹ́ sínú aró,
Ìyá Làbísí ò gba kọ́bọ̀.
Bí òjò bá pa wá, aró a máa ṣàn,
a ó borí tàbí ká má borí,
a ó ṣáà fi àyà dúdú relé.

Lọ́dún yìí, ẹ̀rù ń bà mí: à ń borí.
A na Ṣagámù.
A na Ìjẹ̀bú-Igbó nílé wọn,
mọ́tò kan la wọ̀ padà, ọmọ méjìlélógún
àti ewúrẹ́ kan tí kì í ṣe tiwa.
Ó ku Ìlaró. Bí a bá na Ìlaró,
a gòkè nìyẹn.

Alága Ṣóbándé ti gba fọ́ọ̀mù wá láti Ìbarà,
ojú ewé mẹ́sàn-án.
Wọ́n fẹ́ ògiri yí pápá ká. Wọ́n fẹ́ ilé ìwẹ̀ méjì.
Wọ́n fẹ́ jẹ́sì tí aró rẹ̀ ò ní ṣí.
Wọ́n fẹ́ owó tí gbogbo wa, bí a bá da àpò wa délẹ̀, ò lè rí.
Ní ìlà kẹtàdínlógún, wọ́n kọ ọ́ pé
ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú.

Àwọn afọ́kúta ti wá. Wọ́n fi òòlù kàn án léèmejì,
wọ́n tẹ́tí bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.
Ọjọ́ mẹ́ta ni, wọ́n ní, bó bá wù yín.

Fáṣínà, tó ṣọ́ ilé fún wa títí ìbàdí fi kọ̀ fún un,
orí rẹ̀ ló ń jókòó.
Ó ní: Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta tó ń sá fókùúta, níbo ló ń lọ?
Ó ní: Ìtẹ́lọ́rùn ni baba ìwà.
Mùkáílà ń rán bàtà rẹ̀ tó já, kò gbójú sókè.
Bàbá, ó ní, ẹni tó ti yó ló ń sọ pé oúnjẹ alẹ́ ò dáa.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Wọ́n yíjú sí mi, èmi afàlà.

Kí ni kí n wí?
Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn wọ bàtà tí ẹlòmíì ò tíì wọ̀ rí.
Mo sì fẹ́ kí Sátidé máa rí bó ṣe ń rí:
kí Fáṣínà máa bú rẹfirí,
ká pàdánù díẹ̀, ká borí díẹ̀,
ká pín ẹ̀pà sísun lọ́nà ilé.
Ọkàn kan ṣoṣo ló ń fẹ́ méjèèjì, ojú ò sì tì í.

Lónìí, nígbà tí mo fa ìlà dé igun,
mo rí i pé ọwọ́ mi ti yà fún àpáta
kí n tó rò ó.
Fọ́ọ̀mù ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, òkúta wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀
kí atẹ́gùn má baà gbé e.
Kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ sí i.
Mọ́tò Ìlaró ń fọn fèrè ní ìyànà.
Mùkáílà nìkan ló wà lórí pápá,
ó ń gbá bọ́ọ̀lù lu àpáta,
ó ń padà wá bá a,
ó ń padà wá bá a.