Sí Òṣùwọ̀n Ilé Ìwòsàn Quemchi

Mo tún dé o, òṣùwọ̀n.
Otilia Mansilla, ará erékùṣù Caucahué,
ẹni tó wọkọ̀ ojú omi nínú òjò
kí ìwọ lè sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tí bàtà mi ti mọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, mo bọ́ kóòtù,
mo bọ́ súẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi hun
nígbà tí ọwọ́ ṣì jẹ́ ọwọ́.
O ní kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.
Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bi mí bí mo ṣe jí.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe jí.
Aago mẹ́fà lojú mi là,
aago mẹ́jọ nìka mi là.
Láàárín méjèèjì, mo dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ tí òkun fi sílẹ̀ lórí ẹrọ̀fọ̀,
mò ń retí kí omi padà.
Wọ́n ní ìka ò dọ́gba.
Tèmi dọ́gba: gbogbo wọn ló wú.
Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.
Tèmi ní òun ti di ife tíì mú;
ilẹ̀ ni mo ti bá a.

Oògùn tó pa iná inú oríkèé
ló ṣílẹ̀kùn ọ̀nà ọ̀fun.
Mo jẹ búrẹ́dì òru, mo jẹ ọ̀dùnkún tó kù nínú ìkòkò,
mo dúró lẹ́bàá sítóòfù bí olè nínú ilé ara mi.
Ojú mi rí roboto bí òṣùpá.
Orúnkún ní: ta ló gbẹ́rù yìí lé mi?

Ìyá mi ní tiẹ̀, làkúrègbé kan náà,
ó gbẹ títí síkẹ́ẹ̀tì fi ń yọ́ bọ́ nídìí rẹ̀.
Àwọn aládùúgbò ní, "Ẹ wò ó, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọge!"
Ìwọ náà ì bá yìn ín.
Ọdún yẹn la sin ín.

Dókítà kékeré tó ti Valdivia wá
ní kí n dín kílò mẹ́jọ kù.
Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún.
Mo bínú. Lẹ́yìn náà, mo rìn.
Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ápù tí ìjì wó.
Nígbà tó yá, dé ọgbà Baldomero.
Ọjọ́ tí oríkèé bá ń jó, mi ò rìn rárá;
ẹni tó bá fẹ́ kó bú mi.
Oṣù méje.

Lónìí o ní mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Márùn-ún péré. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n san ìdajì gbèsè fún.
Mi ò ní parọ́ fún ọ: ìka mi kò tíì bá ojú là.
Ìwọ mọ bí mo ṣe wúwo tó.
Bí mo ṣe wúlò tó ńkọ́?
Lánàá, nígbà tí omi fà,
mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétíkun,
mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wa ìṣáwùrú mẹ́tàlá,
mo sì dìde
láìpe ẹnikẹ́ni.

Iyanrìn wà nínú wọn.
A jẹ wọ́n bẹ́ẹ̀.