Èyí Tó Wà Lókè

Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀ ní Tywyn,
òkun ń fi àtẹ́lẹwọ́ funfun gbá ògiri etíkun.
Tegwen Prydderch wọlé, ó gbọn agbòjò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni ń gbọn adìẹ tó já sómi.

Ó pé àádọ́rin ọdún ní Ọjọ́bọ̀.
Ìjọba kọ̀wé sí i: ìwé ìwakọ̀ rẹ ń kú lọ,
wá sọ ọ́ dọ̀tun.
"Mo ṣì ń rí etí àgùntàn lórí òkè kejì," ló wí,
"ta ló ní mo ti darúgbó?"
Àbúrò rẹ̀, Eluned, wà ní ọsibítù Dolgellau.
Lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀.

Èmi ni mo wà nídìí tábìlì ilé ìkàwé.
Iṣẹ́ mi ni kí n to ìwé, kí n tan iná,
kí n jókòó ti àwọn àgbà nídìí kọ̀ǹpútà.
Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ ọ̀rọ̀ náà,
lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Ojú gíláàsì kún. Ó pè mí: "Èwo ni kí n tẹ̀?"
Mò ń dá ìwé àwòrán ọmọdé padà sáyè rẹ̀.
N ò yíjú.
Mo ní, "Èyí tó wà lókè."

Èyí tó wà lókè dé adé,
ó wọ aṣọ búlúù bíi ti ìjọba,
ó ń bi í léèrè bí ẹbí:
kí lorúkọ rẹ, ọjọ́ wo la bí ọ, ṣé ojú rẹ ń ríran?
Ó ń dáhùn sókè ketekete, bí ọmọ ilé ìwé,
títí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn fi gbórí sókè.
Ó wá kan káàdì báńkì.
Pọ́n-ùn méjìlélọ́gọ́rin.
Ó mí kanlẹ̀, ó san án,
ó tún kọ "Ẹ ṣeun" sínú àpótí tó ṣófo.

Nísàlẹ̀ pátápátá,
lẹ́tà tó kéré ju ẹyin eèrà lọ,
tó ṣì bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì:
A kì í ṣe ìjọba.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé.
Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ni wọ́n tẹ̀ dáadáa, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i,
pẹ̀lú ìmọ̀ràn kan: lọ gba fọ́ọ̀mù ní ilé ìfìwéránṣẹ́.
Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́, tó wà lórí káńtà láti ọjọ́ pípẹ́,
nítòsí bírò tí wọ́n fi okùn so,
kò tó ogójì ẹsẹ̀ sí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, mo mọ̀yẹn.
Ṣùgbọ́n alágbàtà a máa rẹrù, òógùn rẹ̀ a máa kán sílẹ̀.
Kí la ó pe ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu,
tó ń gbowó kọ́kọ́rọ́?

Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.
Tèmi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ:
èmi ni mo ní kí ẹyẹ wá bà síbí.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì kíákíá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:
ó ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti kọjá.
Mo pe nọ́ńbà wọn. Dùùrù ni wọ́n ń tẹ sí mi létí.

Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi nígbà tí mo sọ fún un.
Kò jágbe.
Ó ní owó ọ̀dà ilé ìdáná ni,
ó ní ògiri náà ṣì lè fara dà á fún ọdún kan.
Ó wá kó ìwé mẹ́ta sórí tábìlì mi, tó fẹ́ yá lọ sílé,
òun tó ti ń yáwèé lọ́wọ́ wa láti ọgbọ̀n ọdún.
Ó rọra ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀.
"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Èló ni?"

Mo ní ọ̀fẹ́ ni.
Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi,
ó tún un bi.