Ìwakùn Ìsàlẹ̀

Múfútáù yọ ìlẹ̀kùn pálọ̀,
ó tẹ́ ẹ sórí àga méjì ní ẹ̀yìnkùlé
bí ẹni ń tẹ́ aláìsàn.
Sánpépà ń ha, eruku ń fò:
ọ̀dà àwọ̀ ewé tí Bàbá kùn lọ́dún tí mo wọ iléèwé,
lábẹ́ rẹ̀, pupa rúsúrúsú,
lábẹ́ ìyẹn, igi àfàrà lásán,
ó ń rùn bí òjò àkọ́rọ̀.

Mo ti ra ọwọ́ ìlẹ̀kùn tuntun ní Ògùnpa,
ó ń dán bí eyín ọmọdé.
Mo ra ìwakùn mẹ́ta.
"Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ní ké mọ́ láéláé."

Mo dákẹ́.
Igbe yẹn ló máa ń fẹjọ́ wa sùn
bí a bá yọ́ wọlé láti Mọ́kọ́lá lóru.
Màmá á pè láti inú yàrá:
"Ta nìyẹn?"

Ọ̀dà funfun gbẹ. Ilé wá dà bí ilé onílé.
Mo ní, Múfútáù, pààrọ̀ tòkè àti ti àárín,
fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mi, tòun ti ìpẹtà rẹ̀.
Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè tuntun.

Lóru mo dìde, n ò níbì kan tí mò ń lọ.
Mo ṣí i díẹ̀.
Ó ké.
"Èmi ni."