Ṣé Ìwé Ń Ṣàìsàn Ni?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní Burnley,
bàbá mi pè mí láti Ìpetumodù:
"Iṣẹ́ wo ni wọ́n fún ọ níbẹ̀, Àwẹ̀ró?"
Mo ní, "Bàbá, ìwé ni mò ń tọ́jú."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
"Ṣé ìwé ń ṣàìsàn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kán wà lórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí,
èyí tí tíì dà sí ń gbẹ lórí ẹ̀rọ amúlémóoru,
ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.
Mo mú gọ́ọ̀mù, mo mú òwú, mo mú sùúrù.

Nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá wo irú wa:
obìnrin tín-ín-rín, jígí lójú, ìka lórí ètè,
"Ṣííì!" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ fún un nìyẹn.
Bí kò bá kú ní apá kejì,
a jẹ́ pé òun ló pa ẹni tó kú.
Ta ló ráyè ṣííì níbí?
Ọmọdé ń ké, bébà há ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́fun,
ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Sudan na fọ́ọ̀mù sí mi,
ó ń béèrè ta ni "ìbátan tó sún mọ́ ọ jù lọ",
bí èèyàn kò bá sì ní, kí ni kó kọ síbẹ̀.
Mo wo gbogbo pẹpẹ yíká.
Ìbéèrè yẹn pèsì jẹ.

N kì í ṣe ọ̀tá tẹlifíṣọ̀n o, kí n má parọ́.
Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú èmi náà á ká ẹsẹ̀ sórí àga,
ọlọ́pàá inú eré á máa rìn lórí òkè tútù,
oorun á gbé mi lọ kí wọ́n tó mú apààyàn.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Maureen á sọ ẹni tó jẹ́ fún mi.
Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́fà á ti wá béèrè
ìwé tí wọ́n fi ṣe eré náà.
Ẹ̀dà kan la ní.

Ọ̀gbẹ́ni Entwistle nìkan ni kì í bá wọn tò.
"Lórí tẹlifíṣọ̀n," ló máa ń wí, "alẹ́ mẹ́ta, wọ́n ti mú un.
Nínú ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àti apààyàn jọ ń gbélé,
a jọ ń mu tíì."
Ní ojú ewé kẹtàdínlógún ìwé tó bá kà tán,
á fi pẹ́ńsùlù kọ E kékeré kan, bí ẹsẹ̀ èèrà,
kó má baà tún yá a lẹ́ẹ̀kejì.
Òfin ní kí n bá a wí.
Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Oṣù Èrèlè ló kú.
Nígbà tó ṣe, ìyàwó rẹ̀ wọlé, òjò lórí síkáàfù rẹ̀.
Doreen kì í kàwé; eré tẹlifíṣọ̀n ni tirẹ̀.
Ó dúró síwájú pẹpẹ, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan
sí ojú ewé kẹtàdínlógún.
Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ.
Mo gbé àga wá fún un.

Káńsù fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa yá èèyàn níwèé.
Ó ń ké píì. Ó mọ nọ́ńbà gbogbo ìwé.
Wọ́n ní kí èmi àti Maureen wá sípàdé lọ́jọ́ Ẹtì.

Doreen ti ka mọ́kànlá. Lánàá ó dá ọ̀kan padà,
ó ní, "Àlùfáà ni mo rò. Wọ́n yí i padà lórí tẹlifíṣọ̀n!"
Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn.
Nígbà tó lọ tán, mo ṣí ibi tí mo mọ̀:
D kékeré kan jókòó ti E.
Rọ́bà ìpawérẹ́ wà lọ́wọ́ mi.
Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀,
mo yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò, ó ti fẹ́ kán,
mo bá lọ wá gọ́ọ̀mù.